Ẹyọ Kan Tó Kù Nínú Ìwé Iṣẹ́ Abẹ Mi

Ilé Àwọn Dókítà,
Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1986.

Helen, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìlọrin? Bàbá Bùsọ́lá ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ náà ti lọ? Mo yà kí ìyá rẹ ní Òdogbolú lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ara wọn le, eékún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá ìwé ìkọ̀wé ti wọ́n lọ́dọ̀ yín ni.

Èmi náà wà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

O mọ̀ pé ìdánwò ńlá tí mo fẹ́ ṣe kí n tó lè di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ku oṣù méjì. Kí wọ́n tó gba ènìyàn láyè láti ṣe é, ó gbọ́dọ̀ mú ìwé kan wá, tí ó ti kọ gbogbo iṣẹ́ abẹ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún aboyún sí, ó kéré tán ọgbọ̀n, kí ọ̀gá tó ń kọ́ ọ sì ti buwọ́ lu ìkọ̀ọ̀kan. Mò ń kọ tèmi déédéé. Ìbuwọ́lù ni mo fi jáfara. Bí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ Dókítà George, ọ̀gá mi, wọ́n á ní, "Jẹ́ kó pọ̀ díẹ̀, màá bu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà." Èmi náà á gbé e padà. Àfi bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹjọ, tí mo bá ọ́fíìsì wọn ní títì. Wọ́n ti lọ ṣiṣẹ́ ní Saudi, wọn kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Richard, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, ní kí n má da ara mi láàmú. "Ṣebí ìlà méjì àti ìkọ́ kan ni ìbuwọ́lù George," ló wí. "Ta ló máa wọ bàálù lọ bi wọ́n léèrè?" Mi ò ní parọ́ fún ọ, Helen, mo dán an wò lẹ́yìn ìwé kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ̀ẹ̀kẹfà yẹn jọ tiwọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo fa ìwé náà ya.

Ọ̀dọ̀ Mátírọ́ọ̀nù Matilda, olórí yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mo sá lọ. Rẹ́jísítà kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó di abẹ mú sí. Dókítà Gbàdàmọ́sí, ọ̀gá àgbà ọsibítù wa, ní àwọn á buwọ́ lu gbogbo èyí tí a bá rí nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wá a. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti kọ sínú ìwé mi, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn, Dókítà George ló ṣe é, èmi kàn dúró tì wọ́n ni. Bóyá mo gbàgbé ni o, bóyá ó wù mí kí n gbàgbé, Ọlọ́run ló yé. Ó wá ku mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ẹyọ kan péré, ọjọ́ mẹ́sàn-án sì kù kí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà má gba ìwé mọ́ l'Ékòó. Láti ìgbà náà, aboyún kankan kò lè wọ géètì wa kí n má fojú wọn ikùn rẹ̀. Wẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn ń bí! Àdúrà tí gbogbo ayé ń gbà fún aboyún ló ń gbà, èmi wá ń bínú.

Ní Ọjọ́rú, tí ó ku ọ̀la kí wọ́n má gba ìwé mọ́, wọ́n gbé Ràmọ́tà dé láti Ìjẹ̀bú-Imùṣin láàárọ̀ kùtù. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọkàn ọmọ ń lù dáadáa, ara ìyá le, ṣùgbọ́n ìrọbí náà ń falẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ní kí wọ́n tọ́jú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ràsákì, ọkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ bi mí ní nǹkan kan. "Ohun tí ẹ bá ti rí pé ó dáa ni, Dókítà," ló wí, ó sì tẹ̀ka sí ìwé ìyọ̀ǹda.

Mò ń fọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù wọlé, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, "Dókítà" ni wọ́n máa ń pè mí, "ẹ" ni wọ́n sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Mọ́ṣádé," ni wọ́n wí, "ṣé obìnrin yẹn lo fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, àbí ìwé rẹ?"

Omi ń dà lé mi lọ́wọ́. Mo pa omi náà, mo padà lọ jókòó ti Ràmọ́tà. Ìgbà yẹn lẹ̀rù wá bà mí lọ́nà méjì, nítorí bí mo bá dúró tí nǹkan sì ṣe ọmọ náà ńkọ́? Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni Ràmọ́tà fi agbára ara rẹ̀ bí ọmọbìnrin kan, ẹkún ọmọ náà sì gba wọ́ọ̀dù kan. Ràsákì dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja. Mi ò lè wojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé náà lọ sí Èkó fúnra mi. Akọ̀wé tó gbà á kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi báírò pupa kọ 29 sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fa òdo yí i ká. Ó ní ìgbìmọ̀ ìdánwò yóò jókòó lé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ó di oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Bá mi gbàdúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ò mọ ohun tí mo lè bẹ Ọlọ́run fún mọ́.

Kì í ṣe ìdánwò yìí ni kò jẹ́ kí n sinmi, Helen. Yàrá ti wà ní sẹpẹ́, ọkọ ti tẹ̀ka, èmi sì ni dókítà. Ká ní Mátírọ́ọ̀nù jẹ́ ẹni tó máa ń dákẹ́ ni, ọgbọ̀n géérégé ni ìwé mi ì bá jẹ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni láyé yìí tí ì bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

Bá mi kí Bàbá Bùsọ́lá, kí o sì fẹnu ko ọmọ mi lẹ́nu. Kọ̀wé sí ìyá rẹ o.

Èmi ni tìrẹ, bí mo ti rí yìí náà,
Mọ́ṣádé