Ẹran Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ fún Ọmọ Òyìnbó

Bàbá mi, mo kí yín, okun o, lọ́run níbi tí ẹ wà,

Inú ń bí mi sí yín, ẹ má bínú. Mo ti rí fíìmù yẹn. Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé ẹ ṣe eré rí nígbà tí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ màlúù oníwàrà ní Dẹ́ńmáàkì. Fúnmi ọmọ mi ló rí i. Ọ̀hún lòun náà wà báyìí, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n ń wo eré àtijọ́ kan lọ́sàn-án, ló bá rí ojú tó wà nínú fọ́tò pálọ̀ wa ní Kabba. Ó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

Eré ilé lásán ni. Ìyàwó bínú jáde, ọkọ kò mọ iná dá, àlejò sì ti ń bọ̀ wá jẹun. Ẹ̀yin ni àlejò! Bàbá, kí ni wọ́n wé mọ́ yín lórí yẹn? Ẹ̀yin tí ẹ kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ kóòtù! Ẹ̀yin nìkan lẹ dúdú nínú ilé náà, wọn ò sì fún yín ní gbólóhùn kan sọ. Kí ẹ ṣáà máa gbóòórùn wàràkàṣì wọn, kí wọ́n máa fi yín rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, wọ́n to orúkọ gbogbo òṣèré, ti ajá wọn wà níbẹ̀, tiyín ò sí. Ó dun Fúnmi dé egungun, ẹkún ló ń sun lórí fóònù.

Èmi ò sunkún. Mo jowú ni. Ọmọbìnrin kékeré kan ni mo ń wò, onírun bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, tó jókòó sórí itan yín bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ẹ jẹun tán, ẹ ṣẹ́ ẹran tó dára jù kù, ẹ sì ti àwo náà síwájú rẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àjẹkù lẹ fún ọmọ wọn. Àwọn òpè! Ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ Okun pé ọmọ tí bàbá bá fẹ́ràn ló ń fi ẹran ìdí àwo sílẹ̀ fún? Kò sẹ́ni tó kọ́ yín ní ìyẹn nínú eré. Ọkàn yín ló ṣe é.

Èmi ńkọ́? Nígbà tí ẹ ń fún un lẹ́ran, èmi ń kọ́ ìrìn ní Kabba. Nígbà tí ẹ dé, mi ò mọ̀ yín, mo figbe ta, mo sá sẹ́yìn Màmá. Ṣé ìyẹn ló dùn yín tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n bí Bọ̀dé àbúrò mi, òun ló wá ń gba àwo lọ́wọ́ yín. Èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo bí ẹ ṣe ń bu òkèlè iyán, màá máa gbàdúrà pé lónìí á kàn mí. Kò kàn mí rí. Bọ̀dé á tún máa fi egungun hàn mí, ọmọ burúkú! Ti Bọ̀dé, mo gbà, ọmọ ilé ni. Èyí tí wọ́n bí sínú yìnyín, kí ló ṣe fún yín? Àbí èmi lẹ ń wò lójú rẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Màmá náà wò ó. Gbàrà tí ojú yín hàn, ó kí yín ní okun bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa, bí ẹni pé oko Odo-Ape lẹ ti dé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ẹran yẹn, ó fọwọ́ bà mí lórúnkún. Mo mọ ohun tó ń rò, pé èmi lẹ rí lójú ọmọ náà. Kò tù mí nínú.

Fúnmi ti bá àwọn tó ń tọ́jú fíìmù àtijọ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà láti fi orúkọ yín kún ti àwọn òṣèré. Kí n fi orúkọ náà ránṣẹ́ ló kù. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Ọmọbìnrin yẹn á ti dàgbà tó mi báyìí, mi ò fẹ́ kó mọ orúkọ yín. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé gbogbo Kabba ń pè yín ní Bàbá Bọ̀dé títí ẹ fi lọ, bẹ́ẹ̀ èmi ni àkọ́bí. Láàárọ̀ yìí, mo tẹ orúkọ yín lódindi, mo kọ Bàbá sí i, mo sì fi orúkọ tèmi tẹ̀ lé e, bó ṣe yẹ kí wọ́n ti máa pè yín. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa kà á. Bó bá dun Bọ̀dé, kó lọ wá fíìmù tirẹ̀.

Èmi tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń jowú lórí yín,
Àkọ́bí yín.