Èmi Ni Mo Tú Àṣírí Alága, Tíṣà Ni Wọ́n Gbé Lọ

Admin, ẹ dákun, ẹ má fi orúkọ mi síta. Èmi ni mo fi fọ́tò ìrẹsì yẹn ránṣẹ́ o. Kì í ṣe Tíṣà. Bàbá yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, òun ló sì wà lẹ́yìn káńtà ní téṣàn ọlọ́pàá, ó di ọjọ́ karùn-ún lónìí... Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbọ́ ọ tán kẹ́ ẹ tó bú mi, torí mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Ẹ bú mi, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ yìí tó lù.

Iyana-Iba ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, business centre kékeré, kọ̀ǹpútà méjì àti ẹ̀rọ photocopy kan, àwọn ọmọ yunifásítì ló ń ná an jù. Okokomaiko là ń gbé. Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Bàbá Ayọ̀, kì í ṣe orúkọ ẹ̀, wẹ́dà ni, géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń jó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ló máa sọ pé kẹ́ ẹ má bínú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwọ́de ebi bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò wa pín sí méjì. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi níbẹ̀, ẹni tó wá ṣe photocopy á máa bá ẹni tó wá print jà. Àwọn kan ní tá a bá dákẹ́, ṣé ẹni tó ń jẹun yó ló máa bá wa pariwo ni, pé gáàrì tó jẹ́ oúnjẹ mẹ̀kúnnù ti di ohun téèyàn ń fi ìka bù, táwọn olówó sì ń wọ mọ́tò onígíláàsì dúdú kọjá lójú wa bíi pé igi la jẹ́. Àwọn kan ní ìwọ́de ò lè kún ìkòkò ẹnikẹ́ni, pé jàǹdùkú ló máa gbà á mọ́ wa lọ́wọ́, wọ́n á wá jó ṣọ́ọ̀bù wa. Èmi gan-an ò kọ́kọ́ mọ èyí tí mo fara mọ́. Mo kàn mọ̀ pé a ti ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ọmọ mi sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ pé òun ti yó.

Ọ̀rọ̀ yẹn dé mítìǹgì àdúgbò. Alága wa, baba onílé ńlá kan tó ní ilé mẹ́ta ládùúgbò, dìde, ó ní ẹni tébi bá ń pa kó lọ ṣiṣẹ́, pé òun ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ àdúgbò òun wọ́de. Bí Tíṣà ṣe dìde nìyẹn. Tíṣà ni akọ̀wé àdúgbò, ó ti fẹ̀yìn tì, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra, òun ló máa ń bá Alága tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù torí Alága ò mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún ni ò bọ́ wọn mọ́." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ojú Alága dà bí ìgbà tójò ṣú. Bàbá Ayọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ ní mítìǹgì, òun náà dìde, ó ní òun máa lọ. Ìgbà tí mo rí i tó dìde yẹn ni mo mọ ibi tí mo wà. Èmi ni mo print àwọn páálí wọn, mi ò gba kọ́bọ̀. EBI Ń PA WÁ ni mo kọ sí tiẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà.

Wọn ò ju òkúta kan o. Wọ́n rìn láti Okokomaiko dé Iyana-Iba, wọ́n kọrin, wọ́n padà sílé. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn ẹ̀, bílẹ̀ ṣe ń mọ́, àwọn ọlọ́pàá wọlé wa. Wọn ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kankan, yàrá wa ni wọ́n wá tààrà, wọ́n pe ọkọ mi lórúkọ tó pé, wọ́n ní òun lolórí àwọn tó fẹ́ dàlú rú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Nígbà tó dé, etí òsì ẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́, ó ń ṣọyún. Ó jókòó lẹ́yìn ilé, ó ń wo ẹ̀rọ tó fi ń jórin bíi pé ti ẹlòmíì ni. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe fún un. Ó ní kí n bu omi fún òun.

Ẹ wá gbọ́ o. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, ta ló dúró tì mí? Alága. Alága wá sí pálọ̀ wa, ó gbàdúrà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ mi ni o." Ó tẹ̀ lé mi lọ sí téṣàn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, òun á wọlé lọ bá wọn, á jáde, á mi orí, á ní wọ́n ní ká ṣe sùúrù. Mo kúnlẹ̀ fún un lórí yẹ̀pẹ̀ níwájú téṣàn yẹn, àwọn ọlọ́jà ń wò mí. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ rìnrìn àjò, èmi ni mo lọ ń gbálẹ̀ ilé wọn, torí ìmoore. Mo gbálẹ̀ fún un! Tí mo bá rántí ìgbálẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mi, inú mi ṣì ń hó di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Oṣù kan lẹ́yìn tí ọkọ mi dé, Alága wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fẹ́ print ìwé kan tó wà lórí Wasáàpù ẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká so Wasáàpù ẹ̀ pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, mo bá a ṣe é, mo print ẹ̀, ẹnì kan pè é, ló bá jáde, ó lọ. Kò yọ Wasáàpù ẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo fẹ́ bá a yọ ọ́, mo fi Ọlọ́run búra, ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀... ni mo rí fọ́tò ọkọ mi. Bàbá Ayọ̀ ni, tòun ti páálí tí mo fọwọ́ mi print, wọ́n fi pupa yí orí ẹ̀ po. Abẹ́ ẹ̀ ni Alága kọ orúkọ ẹ̀ sí, ilé wa, àwọ̀ géètì wa, yàrá kẹta lápá ọ̀tún. Voice note kan tẹ̀ lé e. Mo fi sétí. Alága ló ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún ọlọ́pàá kan pé kí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, káwọn tó kù lè kọ́gbọ́n. Mo wo ọjọ́ tó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ yẹn ni.

Mi ò sunkún. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò sunkún. Oníbàárà kan wọlé, mo ṣe photocopy fún un, mo kí i pé ó dàbọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi fóònù tèmi gba voice note yẹn sílẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan míì. Mo sì rí i. Ẹ rántí ìrẹsì ìrànwọ́ tí ìjọba ṣèlérí fún àdúgbò káàkiri? Alága ti sọ fún gbogbo wa pé tiwa ò dé. Ó dé o. Ó tò ó sí yàrá ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, ó ya fọ́tò ẹ̀ fún oníṣòwò kan ní Ijanikin, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ọjà ti wà nílẹ̀, kí wọ́n wá kó o. Ọmọ mi ń purọ́ pé òun ti yó, ìrẹsì ọmọ mi wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀!

Mo dúró di ọjọ́ Sunday. Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kí ebi ọ̀sán ti máa pa wọ́n, kí fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Èmi nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fi àwọn fọ́tò ìrẹsì yẹn ránṣẹ́ sí gúrúùpù àdúgbò láti orí nọ́ńbà Alága fúnra ẹ̀, tòun tọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ ẹ̀, kó lè dà bíi pé ó ṣi ọwọ́ tẹ̀. Mo wá yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, mo gba ọ̀nà ilé lọ jẹ́jẹ́.

Kí n tó dé àdúgbò, mo ti ń gbọ́ ariwo. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ dé géètì ẹ̀. Àwọn tó sọ pé ìwọ́de ò dáa pàápàá wà níbẹ̀, àwọn gan-an ló ń pariwo jù. Wọ́n já ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń gbé àpò ìrẹsì jáde, Alága sì ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kóun ṣàlàyé. Fìlà ẹ̀ bọ́, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú gọ́tà. Mi ò gbé ìrẹsì kankan. Mo kàn lọ dúró síbi tó ti máa rí mi. Ó rí mi. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ìyàwó wa, bá mi bẹ̀ wọ́n!" Mo mi orí, mo ní wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní purọ́. Àtìgbà tí wọ́n ti gbé ọkọ mi lọ, ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ kọ́kọ́ tẹ́nu mi lọ́rùn.

Àárọ̀ Monday ni wọ́n gbé Tíṣà. Alága sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé kò sẹ́lòmíì tó ń fọwọ́ kan fóònù òun àfi Tíṣà, pé ọ̀rọ̀ ìwọ́de ló ṣì ń bínú sí, pé òun ló fi fọ́tò ránṣẹ́ tó sì kó àwọn èèyàn wá já ilé òun. Tíṣà! Ẹni tó jẹ́ pé tí ọmọdé bá ju pépà sílẹ̀, òun ló máa ṣà á. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n á fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọn ò fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Wednesday, ìyàwó Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó mú káàdì ọsibítù ọkọ ẹ̀ wá fún photocopy, ó ní kí n bá òun tẹ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tóun máa mú lọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá, kí n kọ ọ́ pé ọkọ òun ò gbọ́dọ̀ máà lo oògùn. Màmá yẹn di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo ti rin ọ̀nà yìí rí. Ibo ni mo máa jókòó sí? Ta ni mo máa bẹ̀?" Mo tẹ lẹ́tà yẹn. Ìka tí mo fi fọ́tò ránṣẹ́ náà ni mo fi tẹ̀ ẹ́ pé ọkọ ẹ̀ ò mọwọ́mẹsẹ̀. Mo sọ fún un pé kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lápá òsì, oòrùn kì í débẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo jẹ́wọ́ fún Bàbá Ayọ̀. Mo gbé voice note yẹn sí etí ọ̀tún ẹ̀, ó gbọ́ ọ dé òpin. Mo rò pé á dìde, á mú irin, á ní ká jọ lọ pa Alága. Ó bi mí pé ṣé torí òun ni mo ṣe é. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Má fi tèmi sí i. Ẹni tí wọ́n fi dí ipò ẹlòmíì níbẹ̀ yẹn, mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹ̀." Ó ní kí n lọ sọ òótọ́ ní téṣàn, kí Tíṣà lè lọ sílé. Mo ní mi ò lọ. Mo ní tí mo bá lọ, èmi ni wọ́n máa tì mọ́lé pé mo wọ fóònù onífóònù, Alága á wá di ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, á padà sórí àga ẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ní tó bá di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Friday tí mi ò bá tíì lọ, òun máa lọ sọ fún wọn pé òun lòun ṣe é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Friday ti dé. Kì í ṣe ẹni tó ń halẹ̀. Ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá padà wọbẹ̀, ṣé ó lè bọ́ nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì? Ká ní èèyàn lè dá ọwọ́ aago padà, mo máa yọ Tíṣà kúrò níbẹ̀, àmọ́ Alága... mo tún máa ṣe é, mo máa ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Voice note yẹn wà níwájú mi báyìí, gúrúùpù àdúgbò wà ní ṣíṣí. Tí mo bá fi ránṣẹ́, gbogbo èèyàn á mọ irú ẹni tí Alága jẹ́, bóyá ọlọ́pàá náà á fi Tíṣà sílẹ̀, bóyá wọ́n á sì dáná sun ilé ẹ̀ tòun tìyàwó ẹ̀ nínú ẹ̀. Ṣé kí n fi ránṣẹ́? Àbí kí n wọ bàtà mi, kí n lọ jókòó níwájú àwọn ọlọ́pàá yẹn, kí Alága máa fi mí rẹ́rìn-ín? Ta ló máa tọ́jú ọmọ mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, kí ni wọ́n máa ṣe fún mi? Ẹ̀yin tí wọ́n ti fìyà jẹ rí, ṣé inú yìí máa ń rọ̀ téèyàn bá ti gbẹ̀san tán, torí tèmi ò rọ̀ o... Ọkọ mi wà ní balùwẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń da omi sára. Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Ẹ sọ èyí tí mo máa ṣe fún mi.

Omi ti dákẹ́. Ẹ tètè.