Wọ́n Ti Fi Dókítà Mi Ṣe Lébà

Ilé Ọlọ́runṣògo,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Ìkòyí-Ilé.

Àjíkẹ́ mi, dókítà ọ̀la,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ebi ò pa ọ́ o? Olúwa tó mú ọ wọ iléèwé àwọn dókítà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní jẹ́ kí ojú tì wá. Ara gbogbo wa le, àfi ewúrẹ́ ìyá rẹ tó jẹ àgbàdo tí mo sá síwájú ilé, tí ikùn rẹ̀ wá wú. Mo ní kí n pè ọ́ kí o júwe oògùn, ìyá rẹ ní ènìyàn lò ń kọ́, kì í ṣe ewúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé yìí ò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Nígbà tí o pè lóṣù tó kọjá láti ọsibítù Ọ̀yọ́ tí iléèwé rán yín lọ pé wọ́n ti gbé ọ kúrò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, pé tíátà lo wà, mo gba kámú. Mo ní bóyá ẹwà rẹ ni wọ́n rí. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi Ṣàngóyẹmí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kó máa wo fíìmù dáadáa. Ó wò ó títí ojú fi ń ta á, kò rí ọ. Ó ní olorì kan fojú jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn sanra.

Àṣé eré ni ti tíátà. Ní Sátidé lo tún pè pé o ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, pé lébà wọ́ọ̀dù ni wọ́n gbé ọ sí. Lébà kẹ̀! Ọmọ tí mo rán níwèé kó má baà ṣe lébìrà bíi tèmi! Kí lo ṣe fún wọn? Ẹnu rẹ ni, mo mọ̀, ẹnu ìyá rẹ lo gbé wáyé. Ọ̀gá tó bá ń lé ọmọṣẹ́ láti ibí sí ọ̀hún, ọmọ náà ti sú u ni.

O tún ní obìnrin nìkan ló ń ṣe é níbẹ̀, pé wọ́n ń ké, pé ẹ̀yin á dúró tì wọ́n, ẹ ó máa ní kí wọ́n tì í, kí wọ́n tì í. Háà! Mọ́tò wo ni wọ́n ń tì? Ṣé ọkùnrin ti tán ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni? Láìpẹ́ wọ́n á ní kí ìwọ náà bọ́ sí i.

N ò ní gbà. Mo ti lọ bá pásítọ̀, wọ́n ní kí n lọ bi ìyá rẹ. Èwo ni ti ìyá rẹ níbẹ̀? Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Màá dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá yín kí wọ́n dá ọ padà sídìí ìwé, kí èmi bàbá rẹ wá bá ọ ṣe lébà náà. Ohun yòówù tí wọ́n ń tì, agbára mi á ká a. Mo ti fi ọkọ́ mi àti bọ́ọ̀tù rán Marufat tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Gbà á, kí o gbé e sí lébà wọ́ọ̀dù, kí wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀. Jọ̀wọ́, fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ, kí o fi owó ẹran ìgbẹ́ tí màá fi bẹ ọ̀gá lé e.

Olúwa á gbé ọ lékè. Ìyà tó jẹ mí kò ní jẹ ọ́. Orúkọ rẹ á ròkè, wàá sì sin wá.

Ìyá rẹ kí ọ. Mo ka lẹ́tà yìí sí i létí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ní ṣé kí n má lọ ni, ó ní rárá o, kí n tètè máa lọ, pé ọmọ méje lòun bí fún mi, ó ti pẹ́ tó ti ń wu òun kí èmi náà ṣe lébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ obìnrin yìí o, bí ẹni pé n ò ṣiṣẹ́ rí!

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlọ́runṣògo.