Kẹ̀kẹ́ Mi ní Woolwich àti Alùpùpù Bàbá Wa

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lé wa lórí. Mo kí Bọ̀dá Mufutau, ẹ̀gbọ́n mi tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ má fo ibì kankan o. Mo mọ̀ yín.

Ẹ máa ní kí ló dé tí mo fi lẹ́tà ilé sínú ìwé ìròyìn. Màmá, ojú gbogbo èèyàn lẹ ti sọ ọ́, níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ, pé ẹ̀yin lẹ pa Bàbá. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ sọ pé kí wọ́n yára kí Jímọ́ọ̀ má bàa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n fi gun alùpùpù wọn sọ ìdàgẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ ilé wa, tí kò sì ṣeé dá dúró mọ́. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn káàkiri Ìbàdàn. Nígbà tí ẹ wá gbọ́ pé mo ra kẹ̀kẹ́, ẹ sunkún lórí fóònù, ẹ ní kí n jù ú nù. Mi ò tíì jù ú nù, ṣùgbọ́n mi ò gùn ún mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ n ro ẹjọ́ mi ná.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi: àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú nílé wọn ní Thamesmead. Màá wẹ̀ fún ọ̀kan, màá fún un lóúnjẹ, màá sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ ìkejì. Bí mo bá délé, èmi àti ògiri ni. Ọdún mélòó kan ni mo fi gbé ibí láìmọ̀ pé odò ńlá wà nítòsí ilé mi. Kẹ̀kẹ́ àlòkù tí mo rà lọ́wọ́ Auntie kan ní mọ́ṣáláṣí wa ló mú mi débẹ̀, láàárọ̀ Sọ́ńdè kan.

Màmá, Ọlọ́run tóbi! Àkókò tí ewé ń rẹ̀ sílẹ̀ ni a wà yìí. Àwọn igi etí odò ti pọ́n bí òroǹbó. Òtútù ń ta mí létí lábẹ́ híjáàbù àti akoto, omi ń bọ́ lójú mi láìsí ẹni tó nà mí. Ìkùukùu bo odò Thames débi pé ọkọ̀ ojú omi kàn yọ jáde nínú rẹ̀ lójijì. Mo gun kẹ̀kẹ́ dé Royal Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń rọ àgbá ogun tẹ́lẹ̀. Ilé àwọn olówó ló kún ibẹ̀ báyìí, àwọn ọmọdé sì ń ju búrẹ́dì sí pẹ́pẹ́yẹ. Mo pariwo Sùbúhánálláhì, ajá òyìnbó kan sì gbó mi. Mi ò mọ̀ pé ọkàn mi ṣì lè kún tó bẹ́ẹ̀.

Ní Sọ́ńdè mìíràn, mo gun òkè Woolwich lọ. Bí mo ṣe ń sọ̀ bọ̀ lórí ewé tútù, mo tẹ bíréèkì, kò mú. Mo tún tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, irin kàn ń han ni. Koríko ló gbà mí. Ọwọ́ mi bó díẹ̀. Mi ò sáré o, Màmá, jẹ́jẹ́ ni mò ń lọ.

Wọ́n júwe ibì kan fún mi ní Thamesmead West, láàrin àwọn ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá òyìnbó kan, tí wọ́n dàgbà ju Bàbá wa lọ, kúnlẹ̀ láti wo kẹ̀kẹ́ mi. Ṣé ọmọ tí ẹ tọ́ á wá dúró gbọnrangandan lé àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ lórí? Kíá lèmi náà kúnlẹ̀. Bàbá náà rò pé mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni, ni wọ́n bá na sípánà sí mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó sórí àga kí n lè dìde. Wọ́n ní orúnkún àwọn ò ṣe nǹkan kan, kí n máa tú nọ́ọ̀tì. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Nígbà tí mo yọ bíréèkì náà, rọ́bà rẹ̀ ti jẹ tán, irin ló kù. Mo bi bàbá náà pé ká ní mo rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní lórí ìdàgẹ̀rẹ́, tí èyí bá ti jẹ tán, àtẹni tó ń rọra àtẹni tó ń sáré, kò sẹ́ni tó lè dúró. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé ọwọ́ mi ló ń dùn mí, wọ́n lọ po tíì wá. A fi rọ́bà tuntun sí i, mo gùn ún síta, mo tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbọn-in! Nǹkan tí kò gùn tó ìka mi ló dá gbogbo ara mi dúró. Ó yà mí lẹ́nu, ó sì bà mí lẹ́rù.

Màmá, mekáníìkì tó yẹ alùpùpù Bàbá wò sọ fún wa pé bíréèkì rẹ̀ ti jẹ dé irin. Ẹ ní ó kàn ń tù yín nínú ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ irú rẹ̀ wò báyìí.

Ní ti kẹ̀kẹ́, ẹ̀yin lẹ ni àṣẹ. Bí ẹ bá ní kí n fi sílẹ̀, màá fi tọrẹ, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ní ti Bàbá, mi ò ní gbà fún yín mọ́, ojú gbogbo ayé ni mo sì ti ń sọ ọ́. Ẹ rán ọkọ yín lọ kírun lákòókò, ohun tí ẹ ṣe kò ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe ẹnu yín ló pa wọ́n.

Kí Ọlọ́run kẹ́ Bàbá, kó fún ẹ̀yin náà ní oorun àsùngbádùn àti ẹ̀mí gígùn. Ẹ bá mi kí ará ilé àti aládùúgbò, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Mulikat, ní Thamesmead