Magdalene Èyítáyọ̀ Akínrẹ̀mí: Ìyàwó Tó Wó Ògiri Kó Lè Rí Ojú Ọkọ Rẹ̀

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí Màmá wa sí lọ́dún 1954, sínú ìdílé Josiah Adédìran, káfíńtà, àti Catherine, aya rẹ̀. Kí Màmá tó pé ọmọ ọdún kan ni wọ́n ti ń rìn; láti ìgbà náà, ara wọn ò balẹ̀ mọ́.

Wọ́n jáde nílé ẹ̀kọ́ Mọ́dà, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Lọ́dún 1978, Bàbá wa, Adébóyè Akínrẹ̀mí, rí wọn nínú aṣọ funfun láàrin àwọn akọrin ìjọ Aládùúrà. Ọkàn Bàbá dúró síbẹ̀, kò kúrò mọ́. Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún 1979.

Wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1989. Màmá ń rán kọ́tìnnì ní Dagenham Heathway, wọ́n sì tún jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn níbẹ̀.

Lọ́dún 2003, tọkọtaya ra ilé bíríkì kan ní Barking, tí wọ́n ti kọ́ láti ayé Ọbabìnrin Victoria. Màmá kẹ́ ẹ bí ọkọ ìyàwó: wọ́n ha ọ̀dà ara ilẹ̀kùn, wọ́n tún gíláàsì aláràbarà ẹnu ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n ògiri kan dínà láàrin ilé ìdáná àti àga Bàbá. Màmá fẹ́ wó o, kí wọ́n fa ilé sẹ́yìn, kí wọ́n fi gíláàsì bo ibẹ̀.

Bàbá fárígá. "Ìyá Kúnmi, ṣé kí àlejò máa ka ẹran inú ìkòkò wa ni?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á! Ojú yín lèmi fẹ́ máa rí. Ẹ̀yìn ògiri ni mo ti ń fẹ́ yín látọjọ́ yìí."

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé. Lọ́dún 2022, dókítà sọ pé ọkàn Màmá ti rẹ̀, kò lágbára mọ́, kí wọ́n sinmi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi téèpù ìránṣọ wọn ògiri, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá di etí kejì téèpù náà mú.

Iwájú ilé wà bó ṣe wà. Bíríkì ògiri tí wọ́n wó ni wọ́n fi mọ ìdí yàrá tuntun, gíláàsì ló sì ṣe òrùlé rẹ̀. Nígbà Àjíǹde ọdún 2024, ìjọ kún ibẹ̀. Ìyá Ìjọ yọjú sí ìkòkò, wọ́n pariwo: "Haa! Ẹran mẹ́fà péré!" Bàbá ló rẹ́rìn-ín jù.

Lóṣù Kejì ọdún 2025, Màmá wà lórí àga, wọ́n ń ṣètò bí wọn yóò ṣe tún òkè ilé ṣe. Bàbá ló ń ro ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú Màmá ni wọ́n ń wò láti ìdí ìkòkò nígbà tí ojú náà pa dé títí láé.

Bàbá gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Kúnmi àti Olúwatùmínínú, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Tiwaladé àti Moṣọpẹ́.

Ẹ sùn re, Màmá. Nínú ilé Baba, kò sí ohun tó kù láti tún ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó.