Bíréékì Ṣáájú Dígí

Port Harcourt,
Oṣù Kẹta, 1969.

Bàbá Sàdíátù,

Ẹ kú ilé. Àlàáfíà la wà, a ń jẹ, a ń mu.

Mo rí lẹ́tà yín. Ẹ ní kí n fi owó ẹja mi ra dígí àti họ́ọ̀nù ńlá sára ògbólógbòó alùpùpù yín, kí n fi lọ́rì gbé e wá, kí ẹ lè fi gbé ìyàwó tuntun kiri Ẹdẹ. Ẹ kú ọgbọ́n. Bíréékì ńkọ́? Mo ti kọ̀wé pé kò mú mọ́, ẹ ní kí n yéé ṣàròyé.

Ní Rumuokoro níbí, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò nítorí ogun, ẹnu ni sójà fi ń sọ “dúró” lẹ́ẹ̀kan. Ìbọn ló fi ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Làtífù àbúrò yín, tó ń bá mi fi alùpùpù kó ẹja, tẹ bíréékì, alùpùpù ń lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó wà láàyè. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun báyìí, ó ti ń mọ́ ọn lára.

Mo sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún mẹkáníìkì. Ó ní, “Madam, na horn go stop am?” Bíréékì àti táyà tuntun ni mo rà. Mo ní kó yọ ìjókòó ẹ̀yìn, kó jó irin síbẹ̀ fún agbọ̀n ẹja mi.

Tí ẹ bá ṣì ń fẹ́ ẹ, ẹ wá gbé e fúnra yín. Ẹ máa gba Rumuokoro kọjá.

Ẹ bá mi kí ìyàwó. Làtífù ní kí n bá òun kí yín, torí kò lè kọ̀wé mọ́.

Èmi ni,
Ìyá Sàdíátù.