Ọwọ́ Bàbá Lórí Ìwé Ẹ̀rọ

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń gbọ́ oògùn, òrùlé ilé ìdáná kò sì jò mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ rèé. Bàbá fẹ́ kí ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ ìfúnṣọ tí wọ́n ṣe, èyí tó ń fún omi kúrò lára aṣọ, di tàwa méjèèjì, àmọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ẹ̀rọ tuntun sílẹ̀ dá ìwé wa padà. Èmi ni mo buwọ́ lù ú fún Bàbá. Ẹ ṣáà mọ̀ bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ̀n. Ta ni yóò máa wo àgbà níran? Akọ̀wé iléeṣẹ́ náà ní, "Ẹni tó ni ẹ̀rọ ni kó buwọ́ lù ú."

Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ tí kò lè gbé ife dé ẹnu kí omi má dà! Bàbá wo àwòrán ẹ̀rọ náà títí, wọ́n mú bírò, ọwọ́ náà sì dúró ṣinṣin. Wọ́n buwọ́ lù ú tán, wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn, Màmá ló gbé ife sí wọn lẹ́nu.

Ìwé náà rèé. Ẹ buwọ́ lu ibi tiyín, kí n lè gbé e padà lọ. Ẹ má ní kí ìyàwó bá yín ṣe é o!

Ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Èmi àbúrò yín.